Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí Mẹkáníìkì Gbé Fáìlì Sílẹ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ fáìlì ti ń jẹ mí lọ́kàn. Fáìlì onírin ni mò ń wí, èyí tó ní eyín wínníwínní, tí wọ́n fi ń ha irin títí irin ọ̀hún yóò fi gbà láti wọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó wọ̀. Bí mo bá wà nídìí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí n lè gẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ náà á sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá ń wakọ̀ lọ, á tún padà wá. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe jẹ́ pé irinṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lè ṣe kó má lò nígbà kan, láàárín ọdún díẹ̀, ó di ohun tí wọ́n lè ní kí ẹnikẹ́ni má mú wọ ibi iṣẹ́, tí ẹ́ńjìnnì sì dìde, tó ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a máa ń gbọ́ kì í dé ibẹ̀. Wọ́n á ní Benz ló ṣe é ní Jámánì, wọ́n á ní Ford ló mú un dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rí ti rí ohun tó yani lẹ́nu ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀gá á rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, pé, "Lọ ra bẹ́ríǹgì sítáńdáàdì wá." Ọmọ á gun ọ̀kadà lọ, á mú páálí kékeré kan bọ̀, wọ́n á sì fi ohun inú rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó ṣe é kò rí rí, tí kò sì ní rí láéláé. Irin méjì tí kò mọ ara wọn pàdé, wọ́n sì bára mu. Ta ló bá wọn dá májẹ̀mú?

Aró lára báàbítì

Ní nǹkan bí ọdún 1900, kò sí irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n á da irin sínú yanrìn láti rí ara sìlíńdà àti pístìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á gẹ́ ẹ títí yóò fi sún mọ́ ìwọ̀n tó wà nínú àwòrán iṣẹ́. Ibi tí ẹ̀rọ bá sì ti dáwọ́ dúró ni iṣẹ́ fítà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oníṣẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú kí ẹ̀yà kan gba ẹ̀yà kejì.

Ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ríǹgì kránkì nìkan, ìyẹn ibi tí ọrùn kránkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ń jókòó sí. Wọ́n á da báàbítì sí i nínú, irin funfun rírọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Isaac Babbitt ará Amẹ́ríkà pè, nítorí òun ló gbé e jáde ní 1839. Fítà á fi aró tó dà bí ọ̀dà pa ọrùn kránkì, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Á gbé kránkì lé bẹ́ríǹgì, á yí i díẹ̀, á tún gbé e kúrò. Ibi tí aró bá ti kó sí lára báàbítì, ibẹ̀ ló ga jù. Á mú irin ìfá, á fá ibẹ̀, ohun tó máa bọ́ sílẹ̀ kò ní ju èérún lọ. Á tún pa aró, á tún gbé kránkì lé e, á tún yí i, á tún gbé e kúrò. Níbẹ̀rẹ̀, aró á kàn kó sí ojú méjì mẹ́ta péré. Bó ṣe ń fá a lọ, ojú aró á máa pọ̀ sí i, á máa tàn ká, títí inú bẹ́ríǹgì yóò fi rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Ìgbà yẹn ni ọkàn fítà á balẹ̀ pé kránkì jókòó dáadáa. Á wá tẹ nọ́ńbà sí bẹ́ríǹgì náà lára, nítorí èyí tó bá ti wọ ipò kìn-ín-ní kò lè lọ sí ipò kejì mọ́, ti ọkọ̀ yìí kò sì wúlò fún ọkọ̀ yẹn.

Mi ò ní fi iṣẹ́ yìí wọ́lẹ̀ láé. Mo ti rí àgbà oníṣẹ́ tó fi ìka ra ọrùn kránkì, tó ní "ó ti jẹ níbí," tí a wọ̀n ọ́n, tí maikirómítà, ohun ìwọ̀n tó ń mọ ìyàtọ̀ wínníwínní, sì gbè é lẹ́yìn. Ọgbọ́n ni, kò sì rọrùn láti kọ́. Àmọ́ ẹ wo ìyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú síbi tó jìnnà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ̀yà tuntun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kò tíì parí. Ó ku fítà tí yóò ha á, tí yóò fá a. Ẹni tó ra ọkọ̀ ra ẹ̀rọ, ó sì tún ra àìní fítà mọ́ ọn.

Òkìtì mẹ́ta ní Brooklands

Ibi tí ọ̀rọ̀ yí padà fún mi ni ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1908. Brooklands ni wọ́n ti ṣe é, pápá ìsáré ọkọ̀ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe sí Weybridge ní Surrey, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ọdún tó ṣáájú. Frederick Bennett ló ń ta ọkọ̀ Cadillac ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ojú tí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò dára: ọjà pọ́ọ́kú ni wọ́n kà á sí. Bennett wá gba ọ̀dọ̀ Royal Automobile Club, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ, ó ní kí wọ́n wá dán ọkọ̀ òun wò ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò dán ọkọ̀ wò rí.

Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn yan mẹ́ta nínú àwọn ọkọ̀ tó wà ní ìkàlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré onísìlíńdà kan ni wọ́n. Wọ́n wà wọ́n dé Brooklands, wọ́n sá eré díẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé wọ́n pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn, ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé. Wọ́n tú wọn dé orí bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Ẹ̀yà 721 ló wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,163. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn aṣojú wá mú ẹ̀yà 89 kúrò láàárín wọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú irú rẹ̀ wá láti inú ọjà tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n pín gbogbo irin náà sí òkìtì mẹ́ta, wọ́n sì ní kí àwọn mẹkáníìkì tò wọ́n padà. Súpánà àti sikurudiráfà nìkan ni wọ́n fún wọn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbàgbé fáìlì. Mo máa ń fi ara mi sípò mẹkáníìkì tó dúró ti òkìtì àkọ́kọ́ yẹn. Ó mú pístìnì kan. Kò mọ ọkọ̀ wo ló ti jáde. Ó mú sìlíńdà, kò mọ tibi tó ti wá. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí pístìnì náà bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ tóbi jù, kò ní wọlé, tàbí kí ó wọlé kó sì há nígbà tí iná bá mú un gbóná tó sì wú. Bí ó bá kéré jù, èéfín iná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ, agbára á bá a lọ, ọ́ìlì á sì máa jó. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, irú àyè bẹ́ẹ̀ ló sì ń pín ẹ́ńjìnnì tó dára sí èyí tí kò dára. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ fáìlì lára ṣófo. Kò lè bẹ irin náà, kò lè bá a là á. Ó kàn máa tì í wọlé ni, bó bá wọlé, ó wọlé.

Ó wọlé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dìde, wọ́n sì ti sá máìlì 500 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pápá náà. Àwọ̀ tó wà lára wọn ti dàrú, nítorí wọ́n kò kun wọn ní àwọ̀ kan náà kí wọ́n tó tú wọn. Ẹ̀yà ọ̀kan wá wà lára èkejì, àwọn tó wò wọ́n sì ń fi aṣọ aláràbarà àwọn aláwàdà pè wọ́n. Ìyẹn ló mú kí Royal Automobile Club fún Cadillac ní ife ẹ̀yẹ Dewar ti 1908.

Ẹ̀yà 2,163 ni gbogbo ènìyàn máa ń tẹnu mọ́ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Lójú tèmi, 89 yẹn ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ oníṣẹ́ kan náà ti ṣe àwọn ọkọ̀ mẹ́ta yẹn lọ́sẹ̀ kan náà, pé ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n irin tó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù kò bá ọkọ̀ kankan tan. Wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ yòówù tó bá nílò rẹ̀, fún oníbàárà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n mú 89 yẹn kúrò mọ ohun tó ń ṣe, ó sì dùn mí pé a kì í dárúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin tó ti ilé ìbọn wá

Henry Leland ló ṣe ọkọ̀ wọ̀nyẹn ní Detroit. Vermont ni wọ́n ti bí i ní 1843. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìbọn ìjọba ní Springfield, Massachusetts. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Colt, lẹ́yìn náà ló wọ Brown & Sharpe ní Providence ní 1872, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ àti ohun ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń rà. Ilé ìbọn ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà: bí ìbọn sójà bá bàjẹ́ lójú ogun, ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ lára ìbọn mìíràn gbọdọ̀ wọ tirẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wá alágbẹ̀dẹ. Ó máa ń dùn mí pé ohun tó mú kí bẹ́ríǹgì Ládípọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì wa ti inú iṣẹ́ ìpànìyàn jáde, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní 1890, ó kó lọ sí Detroit. Robert Faulconer tó ti rí owó nídìí igi gẹdú dá owó sílẹ̀, Charles Norton sì bá wọn dá ilé iṣẹ́. Jíà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n mọ́, títí kan ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní 1901, Ransom Olds, tó ń ṣe ọkọ̀ Oldsmobile, gbé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fún wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Leland kọ́ ni ẹ́ńjìnnì Olds ti ń jáde nìkan, wọ́n ń ṣe é níbòmíràn pẹ̀lú. Àwòrán iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, èyí tó kù ń mú agbára ẹṣin 3 wá, ti Leland sì ń mú 3.7. Níbo ni 0.7 yẹn ti wá? Kò sí ẹni tó yí àwòrán padà. Sìlíńdà kò tóbi sí i. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ríìǹgì tó yí pístìnì ká jókòó dáadáa sára sìlíńdà, pé bẹ́ríǹgì kò há, pé jíà kò ń jẹ ara wọn, pé ohun tí iná mú jáde kò rí ibi tó lè gbà sá. Agbára náà ti wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ ló ń dà á nù. Mo ti máa ń rò pé ẹni tó ń ya ẹ́ńjìnnì ni ọ̀gá, pé àwa tó ń gẹ́ irin kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Leland kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún ẹ́ńjìnnì náà yà, ó mú fáàfù, ìdérí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà, tóbi sí i, ó yí àsìkò tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé padà, agbára rẹ̀ sì gòkè dé 10.25. Ó gbé e lọ bá Olds, Olds ní òun kò fẹ́: àṣẹ ọjà ti pọ̀ lọ́rùn òun, kò sí àyè láti máa pààrọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà wà nílẹ̀ títí di oṣù Ògún 1902, nígbà tí àwọn olówó tó wà lẹ́yìn Henry Ford Company pe Leland. Ford ti bá tirẹ̀ lọ, wọ́n sì fẹ́ ta gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí Leland wá díye lé wọn. Ó díye lé wọn lóòótọ́, àmọ́ ó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ó ní kí wọ́n má tà á. Bí wọ́n ṣe dá Cadillac sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi orúkọ ará Faransé tó tẹ Detroit dó ní 1701 sọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan yẹn, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 5, tí pístìnì sì ń rìn tó íǹṣì 5 nínú rẹ̀, fi èrò ẹni tó ń gẹ́ irin hàn. Ẹ wo bó ṣe ṣe ibi tí omi ń gbà tu sìlíńdà lára. Dípò kí ó ní kí wọ́n da ihò omi mọ́ irin sìlíńdà, bàbà ló fi yí i ká. Sìlíńdà wá di ohun kan tó mọ́ níwọ̀n, tí ẹ̀rọ lè gbé, tó lè lu inú rẹ̀ gún régé, tí wọ́n sì lè yọ kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó yà á ti ń ro ẹni tí yóò gẹ́ ẹ.

Nọ́ńbà méjì

Kí wá ni àṣírí rẹ̀? Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé Leland kì í gba àṣìṣe láyè. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣi iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́.

Gbogbo ìka kò dọ́gba. Bí ènìyàn bá gẹ́ irin 100 lórí ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kò sí méjì nínú wọn tó máa bára wọn dọ́gba tán. Irin ìgẹ́ ń jẹ, ẹ̀rọ ń gbóná, ọwọ́ ń rẹ̀. Ẹni tó kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sórí àwòrán, tó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ti béèrè ohun tí kò sí ẹni tó lè ṣe. Oníṣẹ́ mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, nítorí náà á ṣe é sún mọ́ ọn, á sì máa retí pé fítà máa parí ìyókù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìbọn, tí Leland gbé wọ inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ni pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjì: èyí tí irin kò gbọdọ̀ tóbi jù, àti èyí tí kò gbọdọ̀ kéré jù. Kí wọ́n tó gẹ́ irin rárá, wọ́n ti sọ bí ó ṣe lè ṣàṣìṣe tó.

Ká sọ pé ihò kan lè wà láàárín íǹṣì 1.000 sí 1.001, kí irin tí yóò wọ inú rẹ̀ sì wà láàárín 0.998 sí 0.999. Bí irin tó tóbi jù lọ bá pàdé ihò tó kéré jù lọ, àyè àárín wọn á jẹ́ ìdá 1 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Bí èyí tó kéré jù lọ bá sì pàdé ihò tó tóbi jù lọ, á jẹ́ ìdá 3. Bí ẹni tó ya ẹ́ńjìnnì bá ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lè gbé ìdá 1, tó sì lè gbé ìdá 3, iṣẹ́ parí. Irin yòówù kó pàdé ihò yòówù, kò sí ìjà. Wọn kò nílò láti mọ ara wọn, ẹni méjì tó ṣe wọ́n kò sì nílò láti fojú kan ara wọn.

Géèjì tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le rárá. Irin kan ni, ó ní ẹnu méjì. Ẹnu àkọ́kọ́ gbọdọ̀ gba irin náà wọlé. Ẹnu kejì kò gbọdọ̀ gbà á. Bí ẹnu àkọ́kọ́ bá kọ̀ ọ́, ó tóbi jù, kí wọ́n gbé e padà sórí ẹ̀rọ. Bí ẹnu kejì bá gbà á, ó ti kéré jù, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Kò sí "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa," kò sí "bá mi gbà á bẹ́ẹ̀."

Ta ló wá ń wọn géèjì? Carl Edvard Johansson ará Sweden, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìbọn Eskilstuna, ló dáhùn ìyẹn. Ní 1896, wọ́n rán an lọ sí ilé iṣẹ́ Mauser ní Jámánì, ó rí bí géèjì ṣe pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀, ọ̀kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ń bọ̀ wálé nínú ọkọ̀ ojú irin, ó rò ó pé bí irin kéékèèké bá wà tí wọ́n ṣeé tò lé ara wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló tún ṣe láti fi máa dán wọn nílé. Irin 102 ló wà nínú àkójọ rẹ̀, a sì lè fi wọ́n gba ìwọ̀n 20,000. Wọ́n tẹ́jú débi pé bí a bá nu méjì mọ́, tí a rọra ti ọ̀kan gba orí èkejì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n á tún rọra tì wọ́n kúrò lórí ara wọn ni. Àwọn kan rò pé máginẹ́ẹ̀tì ni. Kò sí máginẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, títẹ́jú lásán ni. Cadillac wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò wọ́n ní Amẹ́ríkà.

Ó sì ku irin tó le. Ọrùn kránkì tó máa pẹ́ gbọdọ̀ le, irin ìgẹ́ orí léètì kò sì fẹ́ràn ohun tó le. Norton, ẹni tó ti bá Leland dá ilé iṣẹ́ ní 1890, ló ṣe ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òkúta lọ irin, ní Worcester, Massachusetts. Òkúta rẹ̀ fẹ̀ tó ọrùn kránkì, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń wọ ọ́ lára. Ọrùn kránkì tó ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 lórí léètì, lábẹ́ fáìlì àti sáńpépà, wá di iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15.

Ibi tí ọgbọ́n fítà lọ

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ máa sọ, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: wọ́n ní géèjì ti pa ọwọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó dúró ní Detroit, tó ń ti irin bọ ẹnu géèjì láti àárọ̀ di alẹ́, kò kọ́ ohun tí fítà kọ́. A gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé a kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò kú. Ó kó lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe géèjì àti irin tó ń di iṣẹ́ mú lórí ẹ̀rọ, ó tún kó lọ sí orí tábìlì ẹni tó ń ya àwòrán, tó gbọdọ̀ jókòó kó ronú pé ìdá mélòó ni ẹ́ńjìnnì lè gbà kó má sì kú. Ìyẹn le ju fífá báàbítì lọ.

Gbígẹ́ irin dáadáa kì í sì í ṣe pé ó ń sanwó ní gbogbo ìgbà. Leland fi Cadillac sílẹ̀ ní 1917, ó dá Lincoln sílẹ̀ pẹ̀lú Wilfred ọmọ rẹ̀ láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù ogun. Lẹ́yìn ogun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ tó dára púpọ̀, gbèsè sì mù wọ́n lọ́rùn. Ní oṣù Èrèlé 1922, Henry Ford ra ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Kí ọdún náà tó dé ìdajì tán, bàbá àti ọmọ ti kúrò níbẹ̀.

Ohun tó kàn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bí iṣẹ́ wa ṣe rí níhìn-ín. Bí kránkì bá jẹ, a ń gbé e lọ fún lílọ̀, a sì ń ra bẹ́ríǹgì 0.25 tàbí 0.50 fún un, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún kránkì tó ti fi ìdá mílímítà yẹn kéré sí i. Àní jíjẹ irin pàápàá ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ̀nà Leland náà ni. Àmọ́ ọjà tó wà nínú páálí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ki bẹ́ríǹgì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n di bóòtì, tí kránkì kọ̀ láti yí. Mẹkáníìkì kò ní géèjì, oníṣòwò kò ní maikirómítà. Sáńpépà ni wọ́n mú. Wọ́n ha inú bẹ́ríǹgì náà títí kránkì fi yí, ọkọ̀ sì dìde, ó lọ. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbàgbàgbà. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà èké sára irin yẹn ti dá wa padà sí 1900, kò sì fún wa ní fítà 1900 tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi aró wò ó.

Àwa tó wà nídìí léètì náà ní ẹjọ́ tiwa. Oníbàárà á gbé irin tó ti jẹ wá, á ní kí a ṣe irú rẹ̀. A ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, a ó kọ nọ́ńbà kan, a ó gẹ́ ẹ. Irin tó ti jẹ la wọ̀n, àṣìṣe rẹ̀ la sì gbé fún oníbàárà. Mo ti wá ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n ní kí oníbàárà gbé ibi tí irin ń wọ̀ wá pẹ̀lú, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi tí kò tíì jẹ, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà méjì sórí ìwé kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn takò mí, àtakò rẹ̀ sì bọ́gbọ́n mu. Ó ní, "Ọ̀gá, léètì wa ti gbó. Kò lè di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mú láti orí dé ìdí. Nọ́ńbà méjì wo la fẹ́ kọ?" A wọn ẹ̀rọ náà láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìdá mẹ́ta ló lè dìmú tí a bá fi sùúrù ṣe é. Nítorí náà, ìdá mẹ́ta la ń kọ báyìí, iṣẹ́ tó bá sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ń sọ fún oníbàárà kó gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ wọn dára ju tiwa lọ.